Ọjọ́ Orí àti Ọjọ́ Iwájú: Ìrètí àti Àlàáfíà Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ní Adó-Èkìtì ní Àsìkò Kòrónà

1. Ìfáàrà

Ọ̀nà méjì ni èdè Yorùbá fi ń ka ọjọ́ fún ènìyàn. Èkíní ni ọjọ́ orí, èyí tí ń pọ̀ sí i yálà ẹni tí ó ni ín ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ń sùn. Èkejì ni ọjọ́ iwájú, èyí tí kì í dára fúnra rẹ̀ àfi bí ènìyàn bá múra sí i. Nínú ìgbésí-ayé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ó yẹ kí àwọn méjèèjì jọ máa rìn ni: bí ọdún kan bá kún ọjọ́ orí, kí ìpele kan kún ẹ̀kọ́. Láti oṣù Kẹta ọdún 2020 títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, àjọrìn yìí dúró ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọjọ́ orí ń lọ, ọjọ́ iwájú jókòó sílé.

Ohun tí ìdádúró náà ṣe sí ìrètí àti àlàáfíà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì àti àárín gbùngbùn Èkìtì ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé àrùn fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó dá ọgbẹ́ tí ó jinlẹ̀ jù sí wọn lára, bí kò ṣe àkókò tí ó sọnù. Àti pé kò sí bí a ṣe lè mọ ìwọ̀n àkókò náà bí a bá ya ìtàn àrùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn ìyanṣẹ́lódì tí ó ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé. Àwọn tí ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ Kòrónà sábà máa ń ka àrùn náà sí ìbẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì, àárín ìtàn ni àrùn ti bá a.

2. Ìlú tí ó fi ìwé ṣe oko

Èkìtì kò ní èbúté, kò ní ojú irin, kò sì ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Kòkó àti ìwé ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi dìde, kòkó ni a sì ń tà kí ìwé lè wà. Ní ọdún 1933 ni Archdeacon Henry Dallimore ti ìjọ Áńgílíkà dá ilé-ẹ̀kọ́ Ekiti Central School sílẹ̀ ní Adó, èyí tí ó di Christ's School lẹ́yìn náà. Láti ibẹ̀ ni orúkọ tí Èkìtì ní pé ó ń bí ọ̀jọ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Yunifásítì dé ní ọdún 1982, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ Gómìnà Michael Adékúnlé Ajáṣin dá Obafemi Awolowo University sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ní 1985 ó di Ondo State University. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ti dá dúró ní 1996, orúkọ tún yí padà ní 1999 sí University of Ado-Ekiti, ó sì di Ekiti State University ní 2011. Ẹni tí ó bá rí ìwé-ẹ̀rí mẹ́rin láti inú ọgbà kan ṣoṣo yìí lè ṣèèṣì rò pé yunifásítì mẹ́rin ni. Ní ọdún 1982 yẹn kan náà ni wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ gíga Federal Polytechnic kúrò ní Jos wá sí Adó. Ní 2009, agbẹjọ́rò àgbà Afẹ́ Babalọlá dá yunifásítì tirẹ̀, tí a mọ̀ sí ABUAD, sílẹ̀ nínú ìlú kan náà. Nípa báyìí, ní 2020, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni ti jọ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà nítòsí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 2011.

Ìwòrókò ni ó yẹ kí ènìyàn wò bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ já mọ́ ní agbègbè yìí. Ìlú àgbẹ̀ ni, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Adó lọ sí Ìfàkì. Nítorí pé ọgbà yunifásítì ìpínlẹ̀ súnmọ́ ọn, àwọn onílé kọ́ yàrá kún yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olóúnjẹ dé, àwọn aṣẹ̀dà ìwé dé, ọlọ́kadà dé. Owó ilé jẹ́ ti ọdún kan gbáko, àsan-sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnu-ọ̀nà yunifásítì bá tì, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́ ni ó ń jókòó. Ẹni tí ń ta ẹ̀wà ní ìkóríta ń jókòó pẹ̀lú rẹ̀.

3. Lùkúlùkú ọdún 1918

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àjàkálẹ̀ àrùn láti òkèèrè yóò gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn influenza dé Èkó, ojú irin àti ọ̀nà àwọn oníṣòwò ni ó sì gbà wọ inú ilẹ̀ lọ. Lùkúlùkú, orúkọ àrùn tí ń pa adìyẹ, ni àwọn Yorùbá fi pè é, nítorí bí ó ṣe ń ká ènìyàn mọ́lẹ̀ lójijì. Ìṣirò tí àwọn òpìtàn ti ṣe ni pé ó tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn tí ó kú ní Nàìjíríà. Nínú wàhálà yẹn ni ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti ara irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Aládùúrà ti gbilẹ̀, títí tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1930 fi ti Iléṣà dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìyẹn ni pé àwọn ènìyàn ọdún 1918 wá ọ̀nà láti tún ọjọ́ iwájú wọn sọ, inú àdúrà ni wọ́n sì ti rí i.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà ní 1918. Ọdún 1948 ni University College, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀. Bí ilé-ìwé kan tilẹ̀ tì ní Adó ní ìgbà Lùkúlùkú, ọmọ tí ó kàn kò pọ̀, oko bàbá rẹ̀ sì ń dúró dè é. Lùkúlùkú pa ènìyàn púpọ̀, ilẹ̀kùn tí ó tì kò tó nǹkan. Kòrónà, ní ti Èkìtì, ṣe òdìkejì rẹ̀: iye ènìyàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní in ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà kò tó 3,000, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò tì. Lóòótọ́, àyẹ̀wò kò kárí, iye náà sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń wá ìpalára Kòrónà nínú ìwé iye òkú nìkan, kò ní í rí akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

4. Oṣù Kẹta ọdún 2020

Ó yẹ kí a to àwọn ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, nítorí pé inú títò wọn ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ 11, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 18, wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní in ní Èkìtì. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ìwé tì. Ní ọjọ́ 23, ASUU sọ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ di aláìnígbèdéke. Ní ọjọ́ 30, kónílé-ó-gbélé tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí pàṣẹ bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì: ẹnu ààlà tì, ọjà tì, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tì.

Ó hàn nínú èyí pé ìyanṣẹ́lódì fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú àṣẹ títi ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba ti di ẹrù lọ sílé kí àrùn tó dé ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n ró aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì dání, wọ́n fi ìwé, ìkòkò àti ibùsùn sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti san owó rẹ̀.

Ìdí ìyanṣẹ́lódì náà kò kan àrùn rárá. Àríyànjiyàn lórí ètò ìsanwó-oṣù IPPIS ni, pẹ̀lú àdéhùn ọdún 2009 tí àwọn olùkọ́ ní ìjọba kò mú ṣẹ. Owó oṣù àwọn olùkọ́ tí kò wọ inú ètò náà dúró, nítorí náà kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ebi pa ní ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn òpìtàn yóò máa padà sí. Fún oṣù mẹ́fà ó lé, ilẹ̀kùn méjì tì lé ara wọn, ti àrùn sì bo ti ìyanṣẹ́lódì mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń bínú pé yunifásítì tì, nígbà tí gbogbo ayé tì. Bóyá èyí ni kò jẹ́ kí ìjọba yára parí ìjà náà. Ìyanṣẹ́lódì tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kò ní ẹnu láti fi bèèrè.

Ìbòjú náà já ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Àwọn ọmọ iléèwé gíga aládàáni padà sí kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba dìde pẹ̀lú wọn, ó ti ilẹ̀kùn àrùn, ó ṣí. Ó sì bá ilẹ̀kùn kejì níbẹ̀ ní títì. Ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá ni ASUU tó dá ìyanṣẹ́lódì dúró. Ìgbì àrùn kejì tún ti dé nígbà náà, ó sì di ọjọ́ 18, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, kí ìwọlé tó tún bẹ̀rẹ̀.

5. Ìlú kan, kàlẹ́ńdà méjì

Àwọn yunifásítì aládàáni kò sí lábẹ́ ASUU, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Nàìjíríà ni ó sì gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí ayélujára láàárín oṣù mélòó kan. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọmọ ìlú kan náà, tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé girama ní ọdún kan náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọjọ́ iwájú tí kò dọ́gba mọ́, kì í ṣe nítorí ọpọlọ, bí kò ṣe nítorí owó ilé-ìwé. Ìyàtọ̀ yìí ti wà ṣáájú Kòrónà, àmọ́ Kòrónà ni ó jẹ́ kí ó ṣeé kà ní oṣù.

Ẹ̀kọ́ orí ayélujára náà kò rọrùn bí àwọn kan ṣe sọ. Dátà ń fẹ́ owó ojoojúmọ́. Iná ọba kì í dúró. Ọmọ tí ilé rẹ̀ wà ní abúlé lẹ́yìn Àrámọkọ tàbí Ìjerò lè ní láti gun orí àpáta kí fóònù rẹ̀ tó gbé. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun kò wá sí kíláàsì orí fóònù, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ń jẹun.

6. Ohun tí àlàáfíà jẹ́

Láti èdè Lárúbáwá ni Yorùbá ti yá ọ̀rọ̀ náà àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó ti fẹ̀ lẹ́nu wọn ju ìlera lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ṣàìní àlàáfíà. “Ṣé àlàáfíà ni?” kò bèèrè ara nìkan, ó bèèrè ilé, ó bèèrè iṣẹ́, ó bèèrè bóyá nǹkan ń lọ bí ó ṣe yẹ kó lọ. Ní ọdún 2020, akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn “a dúpẹ́” sí èyí kí ó sì jẹ́ òótọ́. Ìbéèrè tí ó ń ṣe é ní ìdààmú ni èyí tí ó máa ń tẹ̀lé e láti ẹnu aládùúgbò: “Ẹ ò tíì wọlé ni?”

Ìbéèrè yẹn kò ní ìkà nínú. Ṣùgbọ́n ní Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń fi ìpele ẹ̀kọ́ ọmọ mọ bí ìdílé kan ṣe ń ṣe sí, ọmọ ọdún 22 tí ó jókòó sílé ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé ní ohun tí ó ń sọ nípa bàbá rẹ̀, yálà ó sọ ọ́ tàbí kò sọ ọ́.

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi ìwé ìbéèrè wọn ìdààmú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún yẹn. Méjì nínú àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n lò jù, PHQ-9 àti GAD-7, máa ń bèèrè bí ènìyàn ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá: ṣé ó sùn dáadáa, ṣé ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n wúlò fún dókítà. Fún òpìtàn, àbùkù wọn ni pé ọ̀sẹ̀ méjì kò lè wọn ohun tí a ń fi ọdún kà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé ìyá rẹ̀, ibi tí oúnjẹ wà, tí kò ti sí ìdánwò. Òṣùwọ̀n yóò sọ pé ó yá gágá. Òtítọ́ sì ni pé àwọn kan gbádùn oṣù àkọ́kọ́ ju yàrá ẹlẹ́ni-mẹ́rin tí wọ́n ti wá lọ. Ìgbà tí oṣù Kẹfà kọjá ni ìsinmi bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀pọ̀ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Aṣọ rírán, irun dídì, kéèkì yíyan, àtúnṣe fóònù. Àwọn mìíràn padà sí oko ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Àwọn aláṣẹ yìn wọ́n, wọ́n ní Kòrónà ti kọ́ ọ̀dọ́ ní ìdádúró lórí ẹsẹ̀ ẹni. Ìyìn náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ó sì rọrùn jù. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi kún ìwé yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ó kọ́ nítorí pé ìwé ti já sílẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n ta aṣọ òkè kí ọmọ lè wọ yunifásítì mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Fún àwọn ọmọbìnrin, ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́: omi pípọn, àbúrò títọ́jú, ìsọ̀ ìyá. Ọmọkùnrin tí ó wà nílé ń sinmi. Ọmọbìnrin tí ó wà nílé wà nílé.

Ní oṣù Kẹwàá, ìwọ́de EndSARS bẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo gúúsù, Adó-Èkìtì pẹ̀lú. Ìwà ipá àwọn ọlọ́pàá ni ìdí rẹ̀, kò sì tọ́ kí a sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ yunifásítì. Ṣùgbọ́n kò sí àní-àní pé ọ̀pọ̀ nínú ẹsẹ̀ tí ó wà ní títì jẹ́ ẹsẹ̀ tí ó yẹ kó wà ní kíláàsì. Lẹ́yìn ìyìnbọn ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá ní Lẹ́kí, ìrètí tí ìwọ́de náà jí dìde tún wọlẹ̀.

7. Ìṣirò ọjọ́ orí

Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní àwàdà kan: bí wọ́n bá bi í ní iye ọdún tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò gbà, yóò ní “mẹ́rin àti ẹ́kìsì.” Ẹ́kìsì ni iye tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwàdà náà ti wà ṣáájú 2020, nítorí pé ìyanṣẹ́lódì ọdún 2013 nìkan gba oṣù márùn-ún ó lé. Ṣùgbọ́n ìran tí Kòrónà bá nínú ọgbà ni ẹ́kìsì rẹ̀ tóbi jù. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì ọdún 2022, ASUU tún yanṣẹ́ lódì, títí di ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́sàn-án ó lé ní 2020, oṣù mẹ́jọ ní 2022: oṣù mẹ́tàdínlógún.

Kí ó lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a ká ọmọ kan tí ó wọ yunifásítì ìjọba tí àwọn ìyanṣẹ́lódì méjèèjì kàn, ní ìparí ọdún 2018, ní ọmọ ogún ọdún, lẹ́yìn tí ó ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ètò bá lọ bí ó ṣe yẹ, ọmọ ọdún 24 ni yóò jẹ́ nígbà tí ó bá jáde. Fi oṣù mẹ́tàdínlógún kún un, yóò lé ní ọdún 25. Fi ọdún kan tí yóò fi jẹ́ àgùnbánirọ̀ kún un, ó ti kọjá 26. Ìkéde iṣẹ́ àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá sì sábà máa ń sọ pé ẹni tí ó bá ju ọdún 26 lọ kò gbọdọ̀ kọ̀wé wá. Ẹni tí ó wọlé ní ọmọ ọdún 24, tàbí tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gùn, ní ẹ̀rù mìíràn: òfin ìsìnrúùlú kò gba ẹni tí ó bá ti lé ní ọdún 30 kí ó tó gboyè. Àwọn yunifásítì gbìyànjú láti dá oṣù díẹ̀ padà, wọ́n ká sáà ẹ̀kọ́ kò, wọ́n ṣe ìdánwò léra. Àlàáfíà ni wọ́n fi san owó rẹ̀.

Ohun tí ó ń dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kò sì fa ni mọ́ra. Ìṣirò àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ fún ìparí ọdún 2020 ni pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lè ṣiṣẹ́ ni kò ní iṣẹ́. Láàárín àwọn ọ̀dọ́, ó jẹ́ 42.5. Láàárín ọdún yẹn sí 2022 ni ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, jápa, gba ẹnu gbogbo Nàìjíríà, Haúsá àti Ígbò pẹ̀lú. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè kíyè sí i pé ìsáré ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Kò sọ ibi tí à ń lọ. Bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọjọ́ iwájú nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ibi tí kì í ṣe ìhín.

Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí àwọn ènìyàn fi ń bá ọjọ́ orí ṣe àdéhùn. Ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ ni. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti ń ní ọjọ́ orí ilé àti ọjọ́ orí ìwé, ẹni tí ìyanṣẹ́lódì bá sì jẹ ọdún méjì rẹ̀ lè búra kí ó gba méjèèjì padà. Òfin kò fọwọ́ sí i, àmọ́ ó ṣòro láti sọ pé ẹni tí ó ṣe é ni ó kọ́kọ́ jalè àkókò. Ní àárín oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìparí ìyanṣẹ́lódì, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so nọ́mbà fóònù wọn mọ́ nọ́mbà ìdánimọ̀, NIN; JAMB sì sọ NIN di dandan fún ìdánwò ọdún 2021. Káàkiri Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́ tò lọ sí àwọn ọ́fíìsì NIN, ìbòmú wà lójú àwọn kan, ìjìnnà síra ẹni kò sí. Ọjọ́ ìbí tí wọ́n bá pè fún akọ̀wé ní orí ìlà yẹn wọ inú ẹ̀rọ, kò sì ṣeé yí padà mọ́ láìsan owó, láìrojọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò tíì wọ kíláàsì láti oṣù Kẹta wà nínú ìlà náà, wọ́n ń rò ó bóyá ọjọ́ ìbí òtítọ́ ni kí wọ́n pè.